Òfin obìnrin àti òfin tráǹsì ní UK: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ tó bọ́

Àdùkẹ́ Croydon

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé kan tí wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù wọ́n, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Ghana pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá náà wà. Látìgbà tí Supreme Court ti dá ẹjọ́ lóṣù kẹrin 2025 yẹn, lórí bóyá òfin ka obìnrin tráǹsì (ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé bí obìnrin) sí obìnrin, ni kálukú ti ń sọ tiẹ̀, ọ̀gá wa ní òun ń retí ìwé ìtọ́sọ́nà EHRC, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, EHRC náà ní kí ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di 30 June 2025 yìí. Mo fẹ́ẹ́ sọ tèmi. Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni o, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n a ní obìnrin kan lọ́dọ̀ wa, bílẹ̀ bá ti ṣú á gbé àga ti ilẹ̀kùn kó tó lè sùn, bó bá gbóhùn ọkùnrin lọ́nà ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, ì báà jẹ́ ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Irú wọn ni mò ń rò tí mo bá ní kí àyè tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin nìkan ṣì wà, kí òfin sì sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé.

Ọkọ mi ní kí n jókòó jẹ́jẹ́, pé àwa tí a ò tíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn, kí ló kàn wá nínú òfin wọn. Ṣé òótọ́ ni? Níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, ṣé MP (aṣojú àdúgbò ní Parliament) ni, ṣé EHRC ni, ṣé pẹtíṣọ̀n ni? Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí.

Lọ́yà Ọmọ Ẹ̀gbá

Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ọmọ Commonwealth tó bá ń gbé UK lọ́nà tó bófin mu lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò yan MP, Nàìjíríà sì wà nínú Commonwealth. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù. Pẹtíṣọ̀n ti Parliament náà, ẹni tó bá ti ń gbé ibí lè sáìnì. Ti EHRC ńkọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè fíísà lọ́wọ́ yín. Ó kàn yín dáadáa.

Ẹ jẹ́ n wá la ọ̀rọ̀ òfin yẹn díẹ̀ torí mo rí i pé àwọn èèyàn ń po nǹkan méjì pọ̀. Gender Recognition Act ti 2004 ni òfin tó sọ béèyàn ṣe lè gba sátífíkéètì tó máa fi hàn pé ó ti kúrò ní ọkùnrin di obìnrin lójú òfin, tàbí obìnrin di ọkùnrin. Equality Act ti 2010 ni èyí tó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ẹ̀tanú síni níbi iṣẹ́, nílé ìwòsàn, ní ṣọ́ọ̀bù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó dé kóòtù ni pé, ẹni tó bá ti gba sátífíkéètì ti 2004, ṣé ó ti di obìnrin nínú Equality Act náà? Ní 16 April 2025, adájọ́ márààrún fẹnu kò pé rárá, obìnrin nínú Equality Act ni ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin. Lord Hodge tó ka ìdájọ́ ọ̀hún ní kẹ́nikẹ́ni má kà á sí pé apá kan ṣẹ́gun apá kejì, torí òfin yẹn kan náà ṣì ń dáàbò bo àwọn tráǹsì lórí ọ̀rọ̀ tráǹsì tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ní sátífíkéètì bí wọn ò ní. Òfin 2004 náà ò kú, ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kóòtù ti parí tiẹ̀. EHRC ò lágbára láti ṣòfin, ìwé tó ń ṣàlàyé òfin fáwọn ilé iṣẹ́ ló ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin fúnra ẹ̀ yí padà, ì báà jẹ́ síwájú ì báà jẹ́ sẹ́yìn, Parliament ni kó lọ bá. Ìbéèrè EHRC yìí, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn: ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé àlàyé tí àwọn kọ yéni, wọn ò béèrè pé ṣé ìdájọ́ yẹn dùn mọ́ yín. Ẹni tó bá fi gbogbo àyè ìdáhùn ẹ̀ yin adájọ́ tàbí bú adájọ́, ó ti fi àǹfààní ẹ̀ ṣòfò. Ẹ mú àpẹẹrẹ kan látinú ìwé wọn, kẹ́ ẹ sọ pé "níbi iṣẹ́ wa, èyí ò ní ṣeé ṣe báyìí, nítorí báyìí báyìí". Ẹ ò sì ní láti dáhùn gbogbo ìbéèrè, apá tó bá kàn yín ni kẹ́ ẹ mú.

Màmá Catford

Mo ti ń ka ibí tipẹ́, mi ò kì í sọ̀rọ̀. Lónìí màá sọ̀rọ̀. Ọmọ mi jẹ́ tráǹsì. Ọkùnrin ni mo bí, obìnrin ló ń gbé ayé báyìí, ó ti pé ọdún díẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa fẹ́ wàásù fún mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àǹtí Àdùkẹ́, mi ò fẹ́ kí obìnrin tẹ́ ẹ sọ yẹn máa gbọ̀n. Ọmọ mi náà ò fẹ́. Ṣùgbọ́n láti April ni ọmọ mi kì í ti í mu omi bó bá wà níbi iṣẹ́, torí kò mọ ilé ìyàgbẹ́ tó máa wọ̀ tí wọn ò ní pariwo lé e lórí. Ẹni tó ń fọ ìdí aláìsàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ fi sínú àdúrà yín.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè, ṣé àwa náà lè gba ọ̀nà kan náà tẹ́ ẹ̀ ń júwe yìí? Torí òfin 2004 yẹn le. Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀, mo bá a kó o jọ lórí tábìlì ilé ìdáná wa. Ìwé dókítà méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó mọ̀ nípa gender dysphoria dáadáa, ìyẹn ìnira ẹni tí ara tí wọ́n bí mọ́ ọn ò bá ohun tó mọ ara ẹ̀ sí mu. Ẹ̀rí pé ó ti gbé bí obìnrin fún ọdún méjì gbáko, ìyẹn payslip, ìwé iná, lẹ́tà báńkì, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ìwé ìbúra pé báyìí lòun máa wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Tó bá ti ṣègbéyàwó ní England, wọ́n tún máa fẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ kan á wá jókòó ka ìwé yẹn, wọn ò ní rí i sójú rárá. Owó ẹ̀ ti wálẹ̀, £140 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di £5 ní 2021, owó kọ́ nìṣòro. Láti rí dókítà yẹn nìṣòro, ọdún ni wọ́n fi ń dúró lórí ìlà NHS. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sì sọ nínú ìwé ìlérí wọn ní 2024 pé àwọn máa mú ọ̀nà yìí rọrùn, pé ìwé dókítà á ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn máa yọ àwọn ohun tó ń tini lójú kúrò. Mo fẹ́ kí wọ́n mú ìlérí yẹn ṣẹ. Ta ni mo máa kọ̀wé sí?

Baba Gbénga Essex

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ fẹ́ràn àlàyé jù. Bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú ló dá a, ó parí. Kemi ọmọ wa ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí, kí wọ́n ṣáà ṣe bó ṣe wí. Kí la tún ń kọ lẹ́tà fún?

Alàgbà Glasgow

Baba Gbénga, mo gbọ́ yín sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ti Kemi Badenoch tẹ́ ẹ dárúkọ, torí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ní 2022. Oṣù kejì 2023 ó kọ̀wé sí EHRC pé kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè túmọ̀ akọ àti abo nínú Equality Act, wọ́n dá a lóhùn lóṣù kẹrin ọdún yẹn. Ní June 2023 Parliament jókòó lórí pẹtíṣọ̀n méjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní kí wọ́n ṣe é, ọ̀kan ní kí wọ́n má ṣe é, méjèèjì ló ní ju 100,000 èèyàn tó sáìnì. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Kò sí bíìlì. Ìbò dé ní 2024, ẹgbẹ́ Conservative tí Kemi wà ṣèlérí ẹ̀, wọ́n fìdí rẹmi, òfin ò yí padà. Mínísítà ò tó, pẹtíṣọ̀n nìkan ò tó.

Àwọn obìnrin mélòó kan níbí ní Scotland ló gbé e dé ibi tó dé. For Women Scotland, 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òfin kan tí ìjọba Scotland ṣe lọ́dún yẹn ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù, òfin tó ní kí obìnrin pé ìdajì nínú ìgbìmọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ń béèrè pé ta lẹ ka sí obìnrin? Lóṣù kejìlá 2022 adájọ́ Lady Haldane dá wọn lẹ́bi. Lóṣù kọkànlá 2023 wọ́n tún pàdánù lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Edinburgh. Wọn ò jókòó. Wọ́n gbà á lọ London, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i gbà.

Ọ̀nà yẹn náà sì ni Christine Goodwin gbà fún ẹ̀gbẹ́ kejì, Màmá Catford. Obìnrin tráǹsì ni, owó insurance ìjọba ni wọ́n ní kó máa san títí á fi pé 65 bí ọkùnrin, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ń parí tiwọn ní 60. Òfin UK nígbà yẹn ò kà á sí obìnrin, ó gbé e lọ sí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Europe ní Strasbourg, wọ́n dá a láre ní 2002, ìyẹn gan-an ló bí òfin 2004. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹni tí nǹkan kàn gbọ̀ngbọ̀n ló máa ń dúró jà á dópin.

Ẹ tún rántí ti Gender Recognition Reform Bill níbí. Kí ẹni ọdún 16 lè béèrè sátífíkéètì, kò ní sí ìwé dókítà mọ́, oṣù mẹ́ta ni wọ́n á fi ropò ọdún méjì fún àgbàlagbà. Ilé ìgbìmọ̀ Scotland fi 86 sí 39 gbà á wọlé ní 22 December 2022. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba London lo Section 35 nínú Scotland Act, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè dí bíìlì Scotland lọ́wọ́, láti dá a dúró, ẹ̀ẹ̀kìíní irú ẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí Scotland ti ní ilé ìgbìmọ̀. Kóòtù sọ pé ìjọba London ò jẹ̀bi. Àwọn tó jà fún bíìlì yẹn rò pé àwọn ti délé, wọn ò wo agbègbè tó kù tí òfin ọ̀hún á dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, èèyàn mẹ́jọ ló ń ṣojú yín ní Holyrood, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ Scotland, MSP (aṣojú níbẹ̀) ti àdúgbò kan àti méje fún agbègbè. Gbogbo wọn lẹ lè kọ̀wé sí. Pẹtíṣọ̀n ti Holyrood náà, ẹni kan ṣoṣo tó sáìnì ti tó fún wọn láti gbé e yẹ̀ wò.

Tọ́pẹ́ Leeds

Fún pẹtíṣọ̀n ti London: èèyàn mẹ́fà lẹ nílò láti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín àti márùn-ún tó máa tì yín lẹ́yìn. Oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣí sílẹ̀. 10,000 ìjọba á fèsì, 100,000 wọ́n á gbé e yẹ̀ wò bóyá kí àwọn MP jíròrò lé e. Kẹ́ ẹ tó kọ tuntun, ẹ wò ó bóyá irú ẹ̀ ti wà níbẹ̀, torí wọn kì í gba méjì tó jọra. Ní Wales, 250 ni ìgbìmọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì MP kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi ni mò ń ṣí íméèlì. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì.

Àdírẹ́sì àti postcode yín lẹ máa kọ́kọ́ kọ. MP kì í dáhùn ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò ẹ̀, tí a ò bá rí postcode a ò lè tẹ̀ síwájú, lẹ́tà dídára mélòó ló ti kú síbẹ̀ yẹn. Èkejì, àwọn lẹ́tà tí ẹgbẹ́ kan kọ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi orúkọ yín sí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló ń wọlé lọ́jọ́ kan, èsì kan náà la fi ń dá gbogbo wọn lóhùn, a ò kà á ju ìlà àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ pé "mò ń ṣiṣẹ́ níbi báyìí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí", èmi máa ń gbé e wá sí tábìlì ọ̀gá. Kó má ju ojú ìwé kan lọ.

Kẹ́ ẹ béèrè NǸKAN KAN. Ẹ má kàn sọ pé inú yín ò dùn. Ẹ ní "ẹ bá mi kọ̀wé sí mínísítà, ẹ bi í ní báyìí báyìí, kẹ́ ẹ sì fi èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi". MP máa ń ṣe ìyẹn, ọ́fíìsì mínísítà sì máa ń fún MP lésì, lẹ́yìn náà ẹ ti ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ tó sọ ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe. Ìyẹn lẹ máa fi di wọ́n mú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Baba Gbénga ẹ má bínú sà, lẹ́tà tó bá bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, inú fáìlì kan là ń kó o sí.

MP tún máa ń jókòó gba àlejò ní àdúgbò, surgery ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ Friday tàbí Saturday ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ pè kí wọ́n fún yín láyè. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ máa rí, nítorí náà ẹ mọ gbólóhùn méjì tẹ́ ẹ máa sọ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Àdùkẹ́ Croydon

Ọlọ́run á bù kún yín. Màmá Catford, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò rò ó dé ibi omi mímu yẹn rí láé. Ẹ wo ohun tí mo kọ sí EHRC, ẹ bá mi tún un ṣe:

"Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ààbò àwọn obìnrin. Kóòtù ti sọ pé àwọn tráǹsì ò ní ẹ̀tọ́ mọ́ láti wá sọ́dọ̀ wa, ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere. Obìnrin kan lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, ọmọ ẹ̀ méjì, ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kì í sùn lálẹ́..."

Lọ́yà Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ dúró níbẹ̀ Àǹtí. Ìlà kejì yẹn, ẹ yọ ọ́, kì í ṣe ohun tí kóòtù sọ. Ohun tó wà nínú òfin ni pé ilé bíi tiyín lè jẹ́ ti obìnrin nìkan bí ìdí gidi bá wà fún un tí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣe é ò sì ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tráǹsì tí ọkọ lù, òun náà nílò ibi tó máa sá sí. Ẹ bi EHRC pé kí ni ilé bíi tiyín máa ṣe nígbà tí irú ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn láàárín òru, ta ló máa gbà á, ta lẹ máa pè? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló sì lè bi í.

Ọmọ Ọ́fíìsì

Ìlà kẹta náà, ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Ìbàdàn, ọmọ méjì, báńkì, ẹni tó bá mọ ọkọ yẹn ti mọ̀ ọ́n. Ibí gan-an, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ kàn ní "àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wa". Àti pé orúkọ ara yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, ẹ má dárúkọ ibi iṣẹ́ àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i.

Tọ́pẹ́ Leeds

Lórí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, kí ẹ̀rù má bà yín jù. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Maya Forstater, obìnrin kan tó pàdánù iṣẹ́ torí ohun tó sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó bá gbà pé akọ àti abo ò ṣeé yí padà, òfin ń dáàbò bo ìgbàgbọ́ ẹ̀. Adájọ́ yẹn kan náà sọ pé ìyẹn ò ní kó máa fòòró tráǹsì níbi iṣẹ́. Méjèèjì lẹ máa mú dání.

Àdùkẹ́ Croydon

Ẹ ṣeun, mo ti yọ ọ́. Ẹ wò ó báyìí:

"Mo ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó sá fún ìyà nílé ọkọ. Púpọ̀ nínú wọn ò lè sùn níbi tí ohùn ọkùnrin bá wà nítòsí, mo sì rí i pé àyè tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin nìkan ló ń wò wọ́n sàn. Ìwé yín sọ pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láì tẹ́ ẹ ò tó fún wa. Kò sì sọ ibi tí a máa darí obìnrin tráǹsì tó ń sá fún ikú sí lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ nǹkan méjèèjì sí i kí òṣìṣẹ́ tó dá wà ní alẹ́ lè mọ ohun tó máa ṣe."

Màmá Catford

Àǹtí Àdùkẹ́, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Èyí tẹ́ ẹ kọ níkẹyìn yẹn, èmi náà lè fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò fẹnu kò lórí gbogbo ẹ̀.

Lọ́yà Ọmọ Ẹ̀gbá

Ó dáa gan-an báyìí. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ send. Ẹ má dúró di 30 June o, alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni ẹ̀rọ máa ń dákú.

Màmá Catford, tiyín yàtọ̀, ẹ má fi òfin 2004 ránṣẹ́ sí EHRC, wọn ò béèrè ẹ̀. MP yín ni. Ẹ kọ ọ́ pé Labour ṣèlérí ní 2024, ìgbà wo ni bíìlì yẹn ń bọ̀, ṣé ìyọ̀ǹda ọkọ tàbí ìyàwó wà lára ohun tí wọ́n máa yọ. Ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ níbi iṣẹ́, ẹ fi kún lẹ́tà MP náà, torí ìwé EHRC yìí wà fún àwọn tó ń pèsè iṣẹ́ fún ará ìlú, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ má sọ pé inú yín bà jẹ́ nìkan, ẹ sọ ti omi tí kì í mu yẹn, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni kí ilé ìwòsàn ṣe fún òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kún un pé òfin ò ní kí wọ́n má ṣe yàrá kan tẹ́nikẹ́ni lè wọ̀ kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Màmá Catford

Mo ti kọ ọ́. Mo ti pe ọ́fíìsì MP wa náà, Friday tó ń bọ̀ ni wọ́n fún mi. Ṣé mo lè mú ọmọ mi dání?

Ọmọ Ọ́fíìsì

Ẹ mú u dání mà. Ẹ fi orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ni kẹ́ ẹ kọ. Bó bá ń gbé postcode míì, MP tiẹ̀ yàtọ̀ nìyẹn, kóun náà kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà yín sórí ìwé méjì, ẹ fún MP ní ọ̀kan, ọmọ ọ́fíìsì tó bá jókòó tì í ní ìkejì. Ẹni yẹn ló máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní Monday.